Bàtà Letekidan

Ní Um Rakuba, nílẹ̀ Sùdáànì,
níbi tí eruku ti ń jí ṣáájú àkùkọ,
Letekidan ń sùn tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.
Bàtà rọ́bà aláwọ̀ ewé, èyí tó wọ̀ sọdá odò Tekeze.
Okùn ti ọ̀tún ti já. Wáyà ló fi so ó.

Èmi ni aládùúgbò rẹ̀, tapólì kan ló là wá láàárín.
Èmi náà ní òru tí mò ń ṣọ́,
nítorí náà mo máa ń gbọ́ ọ:
kì í ké, kì í sunkún,
ó kàn ń kà ni.
Ení. Èjì. Ẹ̀ta.
Bó bá dé oókànlá, á dákẹ́,
á tún padà sórí ení.
N kò bi í rí pé ta ló kù.

Oorun kọ̀ ọ́,
oòrùn là, kò bá a lórí ẹní,
òórùn ike tó ń jóná lẹ́yìn ilé ìdáná
a máa gbé e sáré lórí ìjókòó.
Ẹni tí ejò bù jẹ rí, okùn lásán a máa lé e.
Ejò tirẹ̀ wọ aṣọ ológun,
ó mọ orúkọ rẹ̀,
ó pè é tán kó tó bù ú jẹ.

Ní Humera, òṣùwọ̀n ló ń dì mú.
Yànmọ̀tí oko gbogbo ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá,
àpò lé àpò, kílò lé kílò,
kò sí oníṣòwò tó lè fi ìka ti àwo kó má rí i.
Mebrahtu ọkọ rẹ̀ a máa ṣẹ̀fẹ̀:
"Bí mo bá purọ́ fún obìnrin yìí,
á sọ iye gíráàmù tí irọ́ náà jẹ́."

Òṣìṣẹ́ kan dé tòun ti fáìlì àti bírò,
ọmọdébìnrin jẹ́jẹ́, èékánná rẹ̀ mọ́.
"Láti òdo dé ẹẹ́rin, ìyá,
báwo ni ẹ̀rù ṣe ń bà yín tó?"
Letekidan rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín náà gbẹ bí èèpo yànmọ̀tí.
"Ọmọ mi, òṣùwọ̀n yín kéré.
Ohun tí mo pàdánù kò ṣeé wọ̀n, ó wọ́n,
àwọn tó sì mọ iye rẹ̀, n kò rí wọn mọ́."
Ọmọbìnrin náà kò kọ nǹkan kan.
Ó dé bírò rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.
Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Ẹ má bi mí ọjọ́ wo ni nǹkan yí padà.
Mo kàn rí ìdérí agolo mílíìkì méjì,
mo rí igi, mo rí wáyà,
òkúta tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣà létí ọ̀nà.
Lọ́jọ́ tí wọ́n pín ọkà bàbà,
ó wọn ti Abrehet arúgbó: kò pé.
Ó wọn tèmi: kò pé.
Ó gbé òṣùwọ̀n agolo náà síwájú ọ̀gá,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n,
àwo kò gbọ̀n.

Wọ́n ní ìyà ti sọ ọ́ di akíkanjú.
Ó tutọ́ sílẹ̀.
"Ìyà kò kọ́ mi ní nǹkan kan.
Mo ti mọ ìwọ̀n kí ìyà tó mọ̀ mí."
Òótọ́ ni. Àmọ́ ní Humera, ó sọ fún mi fúnra rẹ̀,
bí ẹnì kan bá ń sunkún lórí ìlà, á ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Nísinsìnyí, á gbé òkúta sílẹ̀,
á dúró dè é.

Lánàá, mo tún gbọ́ ọ.
Ení. Èjì. Ó lọ títí, ó dé oókànlá.
Ó dákẹ́. Èmi náà kò mí.
"Eéjìlá," ó ní. "Mebrahtu."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́,
bàtà òsì wà lẹ́nu ọ̀nà, eruku ti kún inú rẹ̀.
Ti ọ̀tún, oníwáyà yẹn,
ó ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.